Ọwọ́ Kẹrin Lára Ọkọ̀

Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ. Awakọ̀ fi àtàǹpàkò tẹ ara ọkọ̀, ó gbé e wá sójú, ó wò ó. Pupa. Ọkọ̀ yìí kò pupa rí láyé rẹ̀. Àwọ̀ eérú ló ní nígbà tí òun ń wà á, ìpẹtà sì ti jẹ abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ débi pé ènìyàn lè jókòó sínú rẹ̀ kó máa wo títì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án!" Abẹ́ ọkọ̀ mìíràn ni mẹkáníìkì ti ń pariwo. "Òwúrọ̀ yìí ni mo kùn ún tán."

"Ta ló ní kó o kùn ún?"

"Ọ̀gá olórin ni. Wọ́n ní kó máa dán."

Awakọ̀ nu àtàǹpàkò mọ́ ara táyà kan. Kó máa dán. Ẹni tí nǹkan ń rùn nínú ilé rẹ̀ ní í kun ògiri ìta. Ó yí ọkọ̀ náà po bí ẹni tí wọ́n dá ẹrù rẹ̀ padà, tó ń wá ohun tí wọ́n ti yọ kúrò níbẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Ṣé ẹ ti tú inú ẹ̀?"

"Rárá o. Wọ́n ní ká má ṣe fọwọ́ kan inú. Fóòmù àtijọ́ náà ló ṣì wà níbẹ̀."

Awakọ̀ fọwọ́ tẹ fóòmù náà. Òótọ́ ni. Ó ti ń fọ́ létí, ṣùgbọ́n ó ṣì nípọn, òórùn òógùn àwọn ọmọkùnrin kò sì tíì kúrò lára rẹ̀ tán.

Láti ìgbà èwe ni wọ́n ti ń pè é ní Awakọ̀. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ìyàwó rẹ̀, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, máa ń fi pè é bí inú bá bí i. Òun ló gbé ẹgbẹ́ Ààrá Òwúrọ̀ kiri nígbà tí wọ́n ń kọ orin rọ́ọ̀kì fún àga òfìfo, tó fi jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ ti gbọ̀ngàn pa nìkan ló ń gbọ́ wọn dé òpin. Òun náà ló ń gbé wọn nígbà tí ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í ti èrò sẹ́yìn kí ọkọ̀ tó lè kọjá. Ní báyìí, wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngàn ìrántí fún ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì fẹ́ gbé ọkọ̀ àkọ́kọ́ yìí síbẹ̀ kí ayé máa wá wò ó. Obìnrin onírédíò kan ní kí Awakọ̀ wá sọ ohun tó rántí. Lẹ́yìn náà, kó wa ọkọ̀ náà dé ẹnu géètì ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, kí àwọn lè gba ìró ẹńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀.

Ó mọ ohun tó máa sọ. Kò pọ̀. Wáyà, ọ̀gá olórin òní, ló fi Tútù akọrin wọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú. Ní ọdún tó kọjá ni Tútù kú. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ọtí ni kò jẹ́ kó bá wọn dé ibi òkìkí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jí èyí tó wà nínú Awakọ̀ dìde. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó gbà pé ọjọ́ náà lòní.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó gbé e wá ti fura láti ilé. Ó bá a níbi tó ti ń dán bàtà.

"Bàámi, bàtà ìsìnkú lẹ wọ̀ yẹn."

"Bàtà ni."

"Ta lẹ fẹ́ lọ sin?"

Ó tún okùn bàtà náà so.

"Bó bá jẹ́ pé ìjà lẹ ń lọ bá ọkùnrin yẹn jà, ẹ wí, kí n gbé ọ̀pá yín dání. Torí ẹ̀yin méjèèjì, kò sẹ́ni tó máa lè sá."

Nísinsìnyí ọmọ náà jókòó lórí táyà kan lẹ́bàá ògiri, ó ń fi bébà fẹ́ ara rẹ̀. Obìnrin onírédíò fi máìkì kékeré kan há Awakọ̀ lọ́rùn aṣọ.

"Bàbá, báwo ni ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà."

Obìnrin náà dúró. Awakọ̀ náà dúró. Máìkì ń gba afẹ́fẹ́.

"Ẹ fà á o, àǹtí," ọmọ rẹ̀ wí. "Kànga ni bàbá mi. Omi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa fa okùn."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ọ̀rọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Bàbá Tútù ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Kí ayùn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ ni àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ti máa ń kó gìtá àti ìlù síbẹ̀. Àwọn aládùúgbò ló sọ wọ́n ní Ààrá Òwúrọ̀, wọn kò sì fi yìn wọ́n. Alágbẹ̀dẹ ń lu ìlù bí ẹni tí irin jẹ ní gbèsè. Ìdákẹ́ ń ta gìtá olóhùn ńlá. Ó lè bá ènìyàn rìnrìn àjò ọjọ́ kan kó má sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ. Àwọn méjèèjì ti di ará ọ̀run. Wáyà ń ta gìtá kékeré. Tútù ló ń kọrin.

"Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní Tútù?"

"Ohùn ẹ̀. Bó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, wàá na etí sí i."

"Lórí ìtàgé ńkọ́?"

"Òrùlé ló máa ń na etí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó rántí korobá. Kí Tútù tó jáde sójú èrò, á kọ́kọ́ bì. Gbogbo ìgbà ni. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ló ti máa ń ṣe é, Awakọ̀ á di korobá mú fún un, á fi ọwọ́ kejì di iwájú orí rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà Tútù á nu ẹnu, á wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa rẹ̀, á lọ. Àwọn yòókù rò pé àdúrà ló ń gbà. Awakọ̀ kò sọ èyí fún máìkì.

"Ọ̀gá olórin sọ fún wa pé Tútù kò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn sí iṣẹ́ náà nígbẹ̀yìn."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní ó máa ń pẹ́ dé, ó máa ń fara pamọ́."

Awakọ̀ wo obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀. Gbogbo ìbéèrè rẹ̀ ló ń ti ẹnu ọ̀gá olórin jáde. Ọ̀gá olórin ló sanwó ọ̀dà. Ọ̀gá olórin ló kọ́ gbọ̀ngàn. Ó lè jẹ́ pé òun náà ló bẹ obìnrin yìí lọ́wẹ̀, kí òpùrọ́ lè rí ẹlẹ́rìí kí bàbá awakọ̀ tó kú.

"Ta ló rán ọ sí mi?" ó bi í.

Kí obìnrin náà tó lanu, ọkọ̀ ńlá dúdú kan wọlé. Mẹkáníìkì yọ jáde lábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń nu ọwọ́. Àwọn aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì yọ orí. Wáyà sọ̀ kalẹ̀.

Ó ti gbẹ. Irun orí rẹ̀ dúdú ju ti ìgbà èwe rẹ̀ lọ, ìyẹn nìkan sì tó láti mú kí ènìyàn fura. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó wọ awò dúdú. Òrùka irin ńlá tó ti ń wọ̀ láti ìgbà èwe ṣì wà níka rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Wáyà."

Wáyà tẹríba. Awakọ̀ gbà á bí ènìyàn ṣe ń gba ẹrù tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé àga méjì fún wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Obìnrin onírédíò há máìkì mìíràn mọ́ Wáyà lọ́rùn, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Ẹ jẹ́ ká sọ ti ọjọ́ tí òkìkí bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé mọ̀ pé Tútù mutí, ó sùn lọ nílé epo, ọ̀gá sì kọrin dípò rẹ̀ lójú àwọn onírẹ́kọ́ọ̀dù..."

"Tútù kì í mutí," Awakọ̀ wí.

Ìró irin dákẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ọmọ rẹ̀ dáwọ́ fífẹ́ ara dúró.

Awakọ̀ dìde. Bí ó bá jókòó, ọ̀rọ̀ náà kò ní jáde. Ó tọ́ka sí pákó tó wà láàárín ìjókòó awakọ̀ àti ẹ̀yìn ọkọ̀. Tútù ló kàn án síbẹ̀, kí àwọn sípíkà má baà wó lu awakọ̀ bó bá tẹ bíréèkì. Tútù náà ló fi fóòmù bo gbogbo ara ẹ̀yìn, kí ohun èlò má baà forí gbá irin. Nítorí pákó yìí, awakọ̀ kì í rí ẹ̀yìn. Nítorí náà wọ́n ní òfin kan.

"Kí n tó gbéra, màá lu pákó. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn á lu ara ọkọ̀ níbi tó jókòó sí. Bí mo bá gbọ́ mẹ́rin, mo lọ. Bí mo bá gbọ́ mẹ́ta, mo dúró." Ó kọjú sí Wáyà. "Lọ́jọ́ yẹn, mẹ́rin ni mo gbọ́."

Wáyà yọ awò rẹ̀.

"A dúró nílé epo, òjò ń rọ̀," Awakọ̀ wí. "Tútù ṣílẹ̀kùn iwájú, ó ju jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sórí síìtì. Ó ní kí n bá òun gbé e kó má baà tutù. Ó gba ẹ̀yìn lọ. Mo lu pákó. Mo gbọ́ ti Alágbẹ̀dẹ. Mo gbọ́ ti Ìdákẹ́. Mo gbọ́ ìkan sí i. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìkẹrin, ó dún ganran, kò dún bí tàwọn yòókù. Ìró irin. Ọ̀sẹ̀ yẹn lo ra òrùka."

Ó ti sọ ọ́. Ó retí kí ara rẹ̀ fúyẹ́. Kò fúyẹ́.

Láti ọjọ́ náà wá, kò béèrè kí ẹnikẹ́ni lu ọkọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń lọ sẹ́yìn lọ wò wọ́n lójú kí ó tó gbéra. Nígbà tí wọ́n di olókìkí, tí wọ́n ra ọkọ̀ tó ní dígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn, ojú Wáyà ló ń wò nínú dígí náà láti ìlú dé ìlú. Bí Wáyà bá rẹ́rìn-ín, á fura. Bó bá dákẹ́, á fura sí i. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ló wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Ta ni aṣọ náà bá lára mu?

Wáyà ń fi ìka yí òrùka rẹ̀ po.

"Mẹ́ta la lù, Ẹ̀gbọ́n."

"Mẹ́rin."

"Èmi ni mo wà lẹ́yìn! Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta la lù ú, ọkọ̀ sì gbéra. A rò pé Tútù wà níwájú lọ́dọ̀ yín. Ṣé kì í jókòó síwájú nígbà míì bí inú bá ń run ún ni? Ìgbà tá a débẹ̀, tẹ́ ẹ dá nìkan sọ̀ kalẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ yín, ẹ ní ẹ gbọ́ mẹ́rin." Ohùn tí gbogbo ayé mọ̀ náà ha. "Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà lẹ̀ ń pariwo mọ́ ọn níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ̀. Etí mi ló ṣe. Ẹ ní tí ò bá wọlé sọ́kọ̀, ẹ máa gbé e jù sínú ẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì."

"Ó ní òun ò lọ mọ́. Mo ń rọ̀ ọ́ ni."

"Báyẹn lẹ ṣe ń rọ èèyàn?"

"Báyẹn ló ṣe ń rọ̀ wá nílé," ọmọ Awakọ̀ wí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Awakọ̀ wo Wáyà. Ó ń wá irọ́ lójú rẹ̀, ohun tó sì rí níbẹ̀ ni ojú ara rẹ̀: ojú ẹni tó ti ń ṣọ́ ènìyàn fún ìgbà pípẹ́.

"O rò pé èmi ni," ó wí.

"Láti ọjọ́ yẹn."

"Kí ló dé tó ò bi mí?"

Wáyà fi ọ̀pá fa ilà sílẹ̀. "Mo fẹ́ máa kọrin náà lọ, Ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá bi yín, tẹ́ ẹ sì jẹ́wọ́, à bá ní láti padà lọ mú un. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

Awakọ̀ yíjú sí títì. Ó ti padà lọ sílé epo náà ní ọjọ́ kejì. Ẹni tó ń ta epo sọ fún un pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ, pé ó ń súfèé. Awakọ̀ gbà pé ìbínú ló ń fi súfèé bò mọ́lẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ dìde lórí táyà, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀.

"Ọkọ̀ nìyí. Òrùka nìyẹn. Kí lẹ wá ń fẹnu jà sí? Ẹ wọlé, kí wọ́n lù ú, ká gbọ́. Ṣebí ẹ máa wà á dé géètì náà ni."

Obìnrin onírédíò ń mi orí bí ọmọ ilé ìwé. Wáyà fi ọ̀pá lélẹ̀, mẹkáníìkì gbé e gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Awakọ̀ gòkè síwájú. Ìjókòó náà mọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹńjìnnì húkọ́, ó sì jí. Ó lu pákó ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró de ti Wáyà.

Pọ̀.

Ó na etí. "Fi òrùka lù ú!"

"Òrùka ni mo fi lù ú!"

"Lù ú dáadáa!"

Pọ̀. Bí ẹni tó gbá ìrọ̀rí. Bí ọwọ́ Wáyà ṣe ń le sí i tó, bẹ́ẹ̀ ni fóòmù náà ń gbé ìró rẹ̀ mì. Awakọ̀ rántí gbogbo ìlù ayé ìgbà náà, Alágbẹ̀dẹ tó ń lù bí oníjà, Ìdákẹ́ tó ń lù bí àlejò. Kò sí èyí tó dún ganran rí. Láti inú ọkọ̀ yìí, kò sí èyí tó lè dún ganran. Tútù ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí sí i.

Ó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ lórí sítíárìn, ẹńjìnnì ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Mẹkáníìkì, tó rò pé àwọn arúgbó náà ti fẹ́ lọ, gba ẹ̀yìn ọkọ̀ kọjá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn fún ọkọ̀, tí wọ́n sì ti tì í. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a níbàdí.

Ganran.

"Ó yá, Bàbá, ẹ máa lọ!"

Awakọ̀ pa ẹńjìnnì.

"Ẹ̀gbọ́n." Ohùn Wáyà gba inú pákó wá, ó kéré. Ènìyàn ní láti na etí sí i. "Ta ló lù ú yẹn?"

Awakọ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn. Ó ń wo síìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ta ní í bọ́ jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nínú òjò nítorí kó má baà tutù, tí òun fúnra rẹ̀ wá lọ dúró sínú òjò? Ó ti rò ó títí pé ẹni tó fi aṣọ sílẹ̀ fẹ́ padà wá ni. Kò rò ó rí pé ènìyàn lè fi aṣọ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ó rántí ọjọ́ tí òun yà sí ṣọ́ọ̀bù Tútù lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Tútù wà nídìí pátákó, ó ti sanra, iyẹ̀fun igi wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í: "Ṣé ẹ débẹ̀ láyọ̀ lọ́jọ́ yẹn?" Awakọ̀ gbọ́ ọ bí èébú. Ó gbé e lọ sílé, ó sì ń bọ́ ọ láti ọjọ́ náà.

Obìnrin onírédíò na máìkì ọwọ́ rẹ̀ gba ojú fèrèsé. "Bàbá, kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí Tútù gan-an?"

Awakọ̀ wá ọ̀rọ̀ tó ti gbé mì náà. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ń dun ún bí ojú eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.

"Òjò ń rọ̀," ó wí. "Ó tilẹ̀kùn fún wa. Ó ní ká máa lọ."

Níta, mẹkáníìkì ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti pọ́n. "Ẹ wo nǹkan! Mo ti ba ọ̀dà jẹ́. Màá tún un kùn kílẹ̀ tó ṣú."

Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ kan hàn ní ìbàdí ọkọ̀, ìka márààrún, àwọ̀ eérú sì yọ nínú rẹ̀. Wáyà ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Awakọ̀ na ọwọ́ sí i, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró síwájú àmì ọwọ́ náà.

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," Wáyà sọ fún mẹkáníìkì.

"Kò dáa lójú, ọ̀gá."

"O gbọ́ ọ," Awakọ̀ wí. "Fi sílẹ̀."

Wáyà kò padà sẹ́yìn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì, ó gun iwájú, ó jókòó síbi tí jákẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́jọ́ náà. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Ó gbé ọwọ́ láti lu pákó ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì rántí pé kò sẹ́ni tó kù tí òun ń dúró dè. Ó gbé ọwọ́ náà padà sórí sítíárìn. Ó wa ọkọ̀ lọ sẹ́nu géètì.